Ọjọ́ Tí Ẹ Gbé Fẹ̀ní Wá sí Fẹ̀nísáàjì

Bàbá mi, ẹni tó ń pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní ìyá,

Mo ṣí agolo fẹ̀ní yín lánàá, òróró dídán tí ẹ fi ń kun igi nígbà tí ẹ ń ṣe káfíńtà. Ìdérí rẹ̀ ti lẹ̀ pinpin, mo fi ìdí ṣíbí ṣí i, ṣíbí ká, Màmá sì ti fi ọ̀rọ̀ ṣíbí náà bú mi tẹ́rùn. Mo rò pé fẹ̀ní yẹn á ti gbẹ. Kò gbẹ. Òkè rẹ̀ nìkan ló di bí awọ ẹ̀kọ mímu tó ti tutù. Bí mo ṣe gún awọ náà báyìí, òórùn yín kún inú yàrá, mo sì sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn. Láti kékeré lẹ ti ń lé mi kúrò nídìí nǹkan yìí nítorí sísín. Mo ti sún mọ́ ọn báyìí o, ẹ fọwọ́ wọ́nú.

Ìdí tí mo fi ṣí i ni mo fẹ́ sọ fún yín. Wọ́n fẹ́ gbé àwọn àwòrán mi kọ́ sára ògiri ní Cocody, nínú gàlérì tí ẹ mọ̀ yẹn. Jèdí, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Káàdì ìpè rẹ̀ wà níwájú mi, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè rẹ̀: fẹ̀nísáàjì. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń ṣí irú àfihàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, tí àwọn èèyàn á di kọ́ọ̀pù mú, tí wọ́n á máa wo àwòrán, tí wọ́n á sì máa wo ara wọn. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó pé ọdún mẹ́fà báyìí tó ti wà láàárín èmi pẹ̀lú yín tí a kò fẹnu kàn án. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mẹ́rin tó kù, ẹ ti lọ sọ́run.

Ẹ kò dúró rí ohun tí mo dà, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn. Bédé ni mò ń yà báyìí, àwọn àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú àpótí-àpótí tí èèyàn ń kà láti òsì sí ọ̀tún. Ìwé ìròyìn tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gbé e. Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tí mo sọ ní Mùsíọ̀ Imúlókè. Lámèyítọ́ ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa sọ fún àwọn ẹlòmíì ohun tí ojú wọn rí. Nínú oòrùn Abidjan yìí, síkáàfù onírun àgùntàn ló ń wé mọ́rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wọ ilé ọlọ́nà kan, ó dúró níwájú ibi tí òjò ti jo wọ inú ògiri, ó sì yin àbàwọ́n yẹn fún àpótí mẹ́fà gbáko. Nínú èyí tó kẹ́yìn, onílé gbé ike wá, ó gbé e sí abẹ́ ibi tó ń jo. Mùsíọ̀ Imúlókè bú sẹ́kún nítorí ẹwà ike.

Ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Koumassi níbí ló ti ń wá ra gárbà, àtíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹja díndín bíi tiwa, á wá gbé gíláàsì mọ́tò sókè pátápátá kí ó tó jẹ ẹ́. Tó bá délé, á ní ewé sàláàdì nìkan ni inú òun gbà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ní Adjamé Roxy, obìnrin alálókò kan, onídòdò, fi Mùsíọ̀ Imúlókè pọ́n àlókò fún mi láìmọ̀ pé èmi ni mo yà á. Òróró ràn mọ́ imú rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Mo mú bébà náà wálé, mo kàn án mọ́gi.

Ẹ má sì rò pé àwọn nìkan ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú bédé náà, ilé bàbá rẹ̀ wà ní Remblais ní Koumassi níbí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í níbi tó ń gbé, á ní ẹ̀bá Zone 4 lọ́dọ̀ àwọn olówó ni. Ó ń gbọ́ Yorùbá bí omi, àfi kí ọ̀rẹ́ ilé ìwé rẹ̀ dé, etí rẹ̀ á di. Ẹ ti mọ ẹni yẹn.

Wọ́n máa ń bi mí níbi tí mo ti kọ́ ẹ̀fẹ̀. Mo máa ń sọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọnà tí mo lọ, irọ́ ni. Ṣé ẹ rántí oníbàárà yín kan láti Deux Plateaux, tó ní kí ẹ kan kọ́bọ́ọ̀dù ìwé fún òun, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ààyè ìwé wà nínú rẹ̀? Ẹ̀yìn ìwé nìkan ló ní kí ẹ gé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú pákó, kí àlejò lè rò pé ọ̀mọ̀wé ni. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà fínnífínní. Lọ́jọ́ tí ẹ gbé e lọ fún un, ẹ padà wálé, ẹ dìde láàárín yàrá, ẹ ń rìn bí ọkùnrin náà, ẹ na ọwọ́ sí ìwé tí kò ṣeé fà yọ, ẹ ń fà á, ẹ ń fà á. Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Mo ti ya èyí náà. Bí ẹ ṣe tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo ṣe tẹ ọrùn Imúlókè.

Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo ti kọ́ yíyà. Ẹ kò lè kọ Faransé, nítorí náà ẹ máa ń ya àga fún oníbàárà lórí àjákù pákó, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ tó wà létí yín. Àpótí àkọ́kọ́, àga látiwájú. Ìkejì, àga láti ẹ̀gbẹ́. Ìkẹta, ẹnì kan jókòó sórí rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ẹ ya ẹni náà kí ó jọ oníbàárà, pẹ̀lú ikùn rẹ̀ gan-an. Kí ni bédé tún jẹ́ ju ìyẹn lọ? Mo sì rántí bí ẹ ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ igi wò, ẹ kì í fi àtẹ́lẹwọ́, ẹ ní àtẹ́lẹwọ́ ti le jù, pé ó ń parọ́. Èmi náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa bébà kí n tó ya nǹkan sórí rẹ̀. N kò mọ ìdí, ọwọ́ náà kàn ń lọ ni.

Ó tó. Mo ti rìn yí i ká tó.

Ní ọdún tí àwọn Ẹlẹ́fáǹ, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù wa, gba ife, tí gbogbo Abidjan ń jó, gàlérì yẹn gba iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Àwòrán kíkùn kan ni mo gbé lọ, tábìlì iṣẹ́ yín ni mo kùn, pẹ̀lú àpá ayùn lára rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti máa ń nu búrọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Màmá pé mo ní fẹ̀nísáàjì ní Cocody ní jèdí, kí wọ́n má fi oúnjẹ dúró dè mí. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ẹ ń yọ egungun ẹja. N kò pè yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn tábìlì yín débi pé mo kùn ún, ojú yín sì ń tì mí débi pé n kò pè yín.

Fẹ̀ní lẹ gbọ́. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà, ẹ kà á sí Faransé lásán. Ẹ gbà pé iṣẹ́ fífi fẹ̀ní kun igi ni mo gbà nílé àwọn olówó, pé ojú ló ń tì mí láti bẹ̀ yín, pé sísín á pa mí síbẹ̀. Lẹ bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yín aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ kó agolo, búrọ́ọ̀ṣì, sáńpépà àti àkísà, ẹ wọ bọ́ọ̀sì gbáká méjì. Nígbà tí ẹ dé gàlérì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n fi hàn yín. Kò sẹ́ni tó bi yín ní nǹkan kan, ta ló ń bi ẹni tó gbé agolo dání. Ẹ kò rí mi, mo ṣì wà nílé ọ̀rẹ́ mi, mò ń yá aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ rí tábìlì yín lára ògiri. Kí ni ẹ rò nígbà tí ẹ rí i? Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? Ṣé ẹ wò ó pẹ́?

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ férémù rẹ̀ wò. Èmi ni mo kan férémù yẹn, mi ò fá a, mi ò fi nǹkan kan kùn ún. Ẹ jókòó tì í, ẹ fá a, ẹ fi fẹ̀ní kun òkè, ẹ kun ìsàlẹ̀, ẹ kun apá òsì. Bí ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá ọ̀tún ni ilẹ̀kùn iwájú ṣí, tí èrò wọlé. Ẹ bá kó irinṣẹ́ yín, ẹ lọ dúró sẹ́bàá tábìlì ohun mímu.

Lámèyítọ́ kan wà láàárín wọn, ọkùnrin tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Òun ló ni síkáàfù tí mo fi bo Imúlókè. Ó dúró níwájú iṣẹ́ mi, ó na ìka, ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ férémù. Ó gbóòórùn ìka náà. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìjíròrò ńlá ló wà láàárín apá tó dán àti apá tí kò dán. Ó ní Áfíríkà fúnra rẹ̀ nìyẹn, pé ibì kan ń dán, ibì kan ń retí. Gbogbo wọn ń mi orí. Kò wo tábìlì náà rárá, bí ẹni pé férémù nìkan ni mo gbé wá. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ dá apá ọ̀tún sí. Mo ti rí yín nígbà yẹn. Mo ti rí agolo lọ́wọ́ yín, mo sì ti mọ ọwọ́ tó kun ún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó rí i pé mo ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò yín náà, ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ùfíríyé kan ni.

Mo sọ ọ́ ní Faransé, bí ẹni pé ẹ kò ní gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ń pe ara yín lójoojúmọ́ fún àwọn oníbàárà, ùfíríyé, òṣìṣẹ́, mo gbàgbé pé ẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo Faransé tó kù lọ. Ẹ wò mí. Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ tẹrí ba díẹ̀ fún mi, fún èmi ìyá yín, ẹ kí mi ní Faransé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ẹ ní bọ́sùwà, màdáàmù. Ẹ sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Kò sẹ́ni tó fura. Ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí irọ́ mi lè dúró dáadáa.

Nígbà tí mo délé, ẹ bi mí bóyá èrò wá. Mo ní wọ́n wá. Ẹ ní ó dáa. Ẹ ti fi orí ẹja sílẹ̀ fún mi, nítorí ẹ mọ̀ pé orí ni mo fẹ́ràn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lọ sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin náà kọ ọ̀rọ̀ gígùn nípa mi sínú ìwé ìròyìn, férémù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí ọ̀nà fún mi. Gbogbo ibi tí mo dé lónìí, apá òsì férémù yẹn ni mo gùn débẹ̀. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, tí mo ń bá yín gbé omi gbígbóná, bóyá omi náà ti tó nìkan ni mo ń bi yín. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí? Ẹ̀yin tó ń bínú tí mo bá fi sáńpépà fá igi lòdì sí ìlà ara rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ mi àtijọ́ kan, tó ti fẹ̀yìn tì sí Bingerville, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ rèé: láyé àtijọ́, kí wọ́n tó ṣí àfihàn, àwọn ọlọ́nà á kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú agolo àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi fẹ̀ní kun iṣẹ́ wọn lára ògiri. Ọjọ́ tí wọ́n ń kun fẹ̀ní ni wọ́n ń pè ní fẹ̀nísáàjì. Bàbá mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé bàbá arúgbó náà dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. Mo sì sunkún. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngán yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá ṣe fẹ̀nísáàjì. Àwa tó kù, jíjẹ mímu la wá fún.

Mo bá ya ọjọ́ yẹn sínú bédé, odidi ojú ewé kan. Arúgbó wọlé pẹ̀lú agolo, ó fá férémù, Mùsíọ̀ Imúlókè dé, ìka rẹ̀ lẹ̀. Mo yà á tán àfi àpótí tó kẹ́yìn, níbi tó ti ń béèrè ẹni tí arúgbó náà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àpótí yẹn fi wà lófìfo. Bẹ́ẹ̀ onígàlérì ti ní ojú ewé yẹn ló máa ṣáájú lára ògiri, kí àwòrán tábìlì yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí òun ló sọ mí di èèyàn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan férémù. Ó ní lámèyítọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, apá tó dán àti apá tí kò dán ló sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ rí ibi tí mo há sí. Tí mo bá sọ òtítọ́, mo sọ ọ́ di aláìmọ̀kan níwájú gbogbo èèyàn, mo sì sọ ara mi di ẹlẹ́tàn. Ó lè fi ọ̀rọ̀ kan pa ohun tó fi ọ̀rọ̀ kọ́.

Màmá ló tú u. Wọ́n rí ojú ewé náà lórí ibùsùn mi, wọ́n kò ka Faransé inú rẹ̀, wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì arúgbó yẹn, wọ́n jókòó. Wọ́n ní ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn láti ọjọ́ náà, bí ẹ ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ àti ìdí tí ẹ fi lọ. Wọ́n ní ẹ tilẹ̀ gbé ìwé ìròyìn yẹn lọ fún akọ̀wé ìjọ kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Nítorí náà ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé mo sọ iṣẹ́ ọwọ́ yín di tèmi. Mo bi Màmá ohun tí ẹ sọ nígbà tí akọ̀wé kà á tán. Wọ́n ní ẹ ní ara ọkùnrin yẹn kò yá, ta ló ń yin iṣẹ́ tí kò parí. Wọ́n ní títí ẹ fi dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun kan ṣoṣo tó ń dùn yín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀. Ẹ máa ń dédé sọ ọ́, lórí oúnjẹ, pé ẹ ó padà lọ kùn ún.

Mo ti ń rò pé ẹ ń bínú sí mi. Ọdún mẹ́fà. Férémù lẹ ń rò.

Nítorí náà mo ṣí agolo. Ní jèdí, mi ò ní yá aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣẹ́ẹ̀tì yín aláwọ̀ ilẹ̀ ni mo máa wọ̀, Màmá ti ká apá rẹ̀ sókè fún mi. A ó wọ gbáká méjì, èmi àti wọn. Iwájú la máa gbà wọlé. Màmá á jókòó sórí àga, wọ́n ti ní àwọn kò ní mu ọtí tó ń hó. Mo máa dúró kí èrò pé, kí ọ̀gbẹ́ni síkáàfù dé, lẹ́yìn náà ni n ó fá apá ọ̀tún, n ó sì fi fẹ̀ní kùn ún níwájú wọn títí á fi dán bíi ti òsì. N ó máa sín, kí wọ́n máa wò mí. Tí wọ́n bá ní mo ti ba iṣẹ́ jẹ́, mo máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Bóyá ó máa bínú, bóyá ilẹ̀kùn kan máa tì. Ẹ̀rù ń bà mí o, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n ara mi fúyẹ́, mo sùn dáadáa lánàá, mo sì jẹ orí ẹja.

Mo ti parí àpótí tó kẹ́yìn náà. Mùsíọ̀ Imúlókè béèrè ní Faransé pé ta ni arúgbó yìí, ọmọbìnrin náà sì dá a lóhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú bédé mi ni mo ń fi Faransé kọ, àfi ìdáhùn yẹn. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá ńlá bíi ti inú Bíbélì yín, kí ẹ lè rí i kà fúnra yín láìbẹ akọ̀wé ìjọ.

BÀBÁ MI NI.

Èmi ni,
ìyá yín tó ń sín, ọmọ ùfíríyé